Voter Guide ti New York: orúkọ olùdíje pé síbẹ̀, àmọ́ ta ló mú ọ̀bẹ?

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní New York tẹ́ ẹ ti di ọmọ onílùú, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń já sínú àpótí lẹ́tà yín nígbà tí ìdìbò bá ń sún mọ́lé, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń kó dànù pọ̀ mọ́ ìwé ìpolówó, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Voter Guide lorúkọ ẹ̀. Campaign Finance Board, àjọ ìlú tó ń bójú tó owó ìpolongo ìbò, ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú fídíò àwọn tó ń díje. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìkarùn-ún yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ dì í mú ni, màá sọ ìdí ẹ̀.

Ohun tó dáa níbẹ̀ ná. Ẹni tí tẹlifíṣọ̀n ń pariwo orúkọ ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ àti ẹni tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, àyè kan náà ni wọ́n fún wọn, kò sí pé olówó ra ojú ewé tó tóbi ju ti ẹlòmíì lọ. Fún èmi o, ìyẹn nìkan tó ìràwọ̀ méjì, torí ìwé tí àwọn olùdíje fúnra wọn ń fi ránṣẹ́ sílé wa, àwòrán ẹ̀rín àti ọ̀rọ̀ èébú sí alátakò ló máa ń kún inú ẹ̀.

Ibi tí mo wá gbádùn jù ni ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bá a ṣe ń to àwọn olùdíje tẹ̀lé ara wọn. Àwọn ará ìlú ló dìbò pé àwọn fẹ́ ètò yìí ní 2019, ọdún 2021 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi yan ẹni tó máa dupò méyọ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé. Ẹ lè to èèyàn márùn-ún. Wọ́n á kọ́kọ́ ka ẹni tí kálukú fi sípò kìíní, tí kò bá sẹ́ni tó ní ju ìdajì lọ, ẹni tó gbẹ̀yìn á já, ìbò àwọn tó yàn án á sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fi ṣìkejì, wọ́n á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi ku èèyàn méjì. Àwọn kan máa ń sọ pé wàhálà lásán ni, pé kéèyàn kọ orúkọ ẹnìkan kó máa lọ sílé ẹ̀ jàre. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ní 2021 yẹn, Eric Adams fi ìbò 7,197 péré ṣáájú Kathryn Garcia nínú ẹgbẹ́ Democrat, bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ìpele ìkẹyìn, ìwé ìbò tó lé ní 140,000 ni kò ní orúkọ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì, wọn ò sì rí i kà mọ́. Ẹ ro ó wò! Àmọ́ ìdìbò abẹ́lé àti ìdìbò àkànṣe ni wọ́n ń lò ó fún o, tó bá di November, ẹnìkan ṣoṣo lẹ máa yàn.

Ó dáa, ìràwọ̀ tí mo dì mú wá ńkọ́? Olùdíje fúnra ẹ̀ ló ń kọ ohun tó wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀. Àwọn tó ń tẹ ìwé náà kò ní bá yín wò ó bóyá agbára ohun tó ń ṣèlérí wà lọ́wọ́ méyọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ìlú yìí sì rèé, ẹni tó mú iṣu kọ́ ló máa ń mú ọ̀bẹ. Èyí tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń mú bírò, gbogbo ìlérí tí mo bá rí, mo máa kọ lẹ́tà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: M tó bá jẹ́ pé méyọ̀ lè dá a ṣe, K tó bá gbọ́dọ̀ lọ bá kánsù, A tó bá jẹ́ Albany ni, níbi tí gómìnà àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe ojú ewé méjì báyìí, ojú yín á là.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Gbogbo wọn ló máa ń ṣèlérí nípa ẹ̀, àmọ́ MTA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò, ló ni ọkọ̀, MTA ló ń dá iye owó ọkọ̀, ti ìpínlẹ̀ sì ni MTA, gómìnà ló ń mú ọ̀gá àgbà ibẹ̀ wá, èèyàn mẹ́rin péré ni méyọ̀ lè dábàá sínú ìgbìmọ̀ wọn. A gàdàgbà ni mo kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n títì tí bọ́ọ̀sì ń gbà, ti ìlú ni, torí náà ẹni tó bá ní òun máa ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì kó lè yára, ìyẹn mọ ohun tó ń sọ, M ni tiẹ̀.

Owó ilé wá yàtọ̀ pátápátá, òun sì ni èmi ò fi ṣeré. Ilé tó wà lábẹ́ òfin rent stabilization tó bíi mílíọ̀nù kan, Rent Guidelines Board ló ń sọ iye tí lánlọ́ọ̀dù lè fi kún owó wọn lọ́dọọdún, èèyàn mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, méyọ̀ ló sì ń yan gbogbo wọn. Nígbà tí Bill de Blasio jẹ́ méyọ̀, wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó ilé ọlọ́dún kan ní 2015 àti 2016. Ẹni tó bá ní kò sóhun tí méyọ̀ lè ṣe sí ọ̀rọ̀ owó ilé, irọ́ ló ń pa fún yín, àmọ́ ẹni tó bá ní òun máa bá gbogbo ilé tó wà ní New York dá owó dúró, òun náà ń parọ́, torí ilé tí kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ìgbìmọ̀ yẹn ò lè fọwọ́ kàn án.

Ọlọ́pàá, M ni, méyọ̀ ló ń yan kọmíṣọ́nnà wọn. Ilé ìwé, méyọ̀ ló ń darí ẹ̀ láti 2002, àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ ló fún un láṣẹ, Albany ló sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Bọ́jẹ́ẹ̀tì, méyọ̀ ló ń gbé e kalẹ̀, kánsù tó ní èèyàn 51 ló máa fọwọ́ sí i kó tó di July 1. Owó orí lórí owó tó ń wọlé fún àwọn olówó, èyí tí wọ́n ń ṣèlérí bí ẹni ń pín súìtì yẹn, A ni o, láìsí Albany wọn ò lè fi kún un.

Mo tiẹ̀ pe ọ́fíìsì olùdíje kan (mi ò ní dárúkọ ẹ̀), mo ní ìlérí kejì tó wà nínú ìwé yìí, ta ló máa buwọ́ lù ú? Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní ẹ má ṣèyọnu mà, ọ̀gá àwọn ní àjọṣe tó dáa pẹ̀lú gbogbo èèyàn. Mo ní ó dáa ọmọ mi, àjọṣe yẹn náà máa buwọ́ lù ú ni? Ó ní òun máa pè mí padà. Mo ṣì ń retí ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n lè fi kún ìwé yìí láìná owó púpọ̀. Campaign Finance Board yìí kan náà ló ń fi owó ìlú kún owó táwọn ará ìlú bá dá fún olùdíje tó wọ ètò wọn, $8 lórí $1 kọ̀ọ̀kan títí dé $250, ìyẹn ni pé $250 tẹ́ ẹ bá dá fún ẹni tó ń dupò méyọ̀ lè fa $2,000 míì wá. Owó wa kúkú ni. Iye tí kálukú rí kó jọ àti ibi tó ti wá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ wọn nínú ìwé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní green card, ẹ lè kà á o, àmọ́ ẹ ò lè dìbò. Kánsù ti ṣòfin ní December 2021 pé kẹ́ ẹ máa dìbò sípò ìlú, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ sì fagi lé e ní March 2025.

Èyí tó wá dùn mí jù ni àkókò tó ń dé. Ìdìbò abẹ́lé ní June, ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ló lè dì í, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti lágbára tó báyìí sì rèé, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí lọ́pọ̀ ìgbà. February 14 ni gbèdéke ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíì. Ìwé yìí sì máa ń dé nígbà tí February ti kọjá tipẹ́, o ti ka gbogbo ẹ̀ tán, o ti rí ẹni tó wù ẹ́, o wá rí i pé inú ẹgbẹ́ míì ló wà. Kí wọ́n tẹ káàdì kékeré kan, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti February 14 nìkan ni kó wà níbẹ̀, kí wọ́n já a sínú àpótí lẹ́tà wa ní January, màá fún wọn ní ìràwọ̀ ìkarùn-ún wọn lọ́jọ́ yẹn.