"Ta ló kà á?" Ohun tí ojú mi rí nínú kọ́ọ̀sì ìwádìí àti ìwé kíkọ fún àwa tó ń ka criminal justice

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, wọ́n ṣe é fún akẹ́kọ̀ọ́ criminal justice, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn, ọlọ́pàá, kóòtù àti ẹ̀wọ̀n, tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kó mọ́yán lórí. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ fi kàn wọ́n nísàlẹ̀, mi ò sì wá ìjà. Ẹni tó bá ń wá irú ẹ̀ ṣá lè fi ọ̀rọ̀ mi yẹ tiẹ̀ wò kó tó sanwó.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ò ju ìtìjú lọ. Mo ti wà ní ọdún kejì, mo gbà pé mo mọ̀wé kọ, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti kóòtù báyìí, ṣe ni ọ̀rọ̀ á máa tú jáde, mi ò ní mọ̀gbà tí ojú ewé á kún. Àfi bí asáínmẹ́ǹtì kan ṣe padà dé tí wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ mi, "Ìwà ọ̀daràn ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́", wọ́n wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: níbo? irú èwo? láti ìgbà wo? ta ló sọ? Gbólóhùn kan, ìbéèrè mẹ́rin, mi ò ní ìdáhùn sí ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ má bèèrè máàkì tí wọ́n fún mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú kọ́ọ̀sì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sá. Fídíò ni, ẹnì kan jókòó ó ń ka ohun tó wà lójú pátákó bó ṣe wà, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ká ní mo tètè bèèrè owó mi ni, mi ò bá ti lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n tó pín wa fún àwọn tó máa ń ka dráàfù wa, ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Èmi bọ́ sọ́wọ́ ìyá àgbà kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, mi ò rí ojú wọn rí dòní, fáìlì ohùn ni wọ́n fi máa ń fèsì, wọ́n á sì máa wú ikọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín. Mo fi dráàfù àkọ́kọ́ ránṣẹ́, mo ti fi nọ́ńbà ìwà ipá ti FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 2020 wé ti 2021, inú mi dùn pé mo lo nọ́ńbà, mo ti kúrò ní kílàsì aláriwo. Èsì wọn ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: "Ta ló kà á?"

Mo fèsì pé, "Èmi ni mà, mo kà á látòkè délẹ̀."

Ẹ ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ìwé kíkà ni mò ń sọ, nọ́ńbà yẹn, ta ló jókòó tó kà á ní ení, èjì?"

Ibẹ̀ ni ojú mi là. FBI ti ń gba nọ́ńbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá láti 1930, FBI fúnra ẹ̀ ò lọ ka nǹkan kan níbì kankan, ohun tí àgọ́ ọlọ́pàá bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń rò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlànà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ni pé tí nǹkan méjì mẹ́ta bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó burú jù nìkan ni wọ́n á kà, ìyẹn ni pé tí adigunjalè bá gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan tó sì tún pa á, ìpànìyàn nìkan ló máa wọ ìwé, owó tó gbà ti di àwátì. Nígbà tó di January 1, 2021 wọ́n pa ìlànà yẹn tì, wọ́n kó sí èyí tí wọ́n ń pè ní NIBRS tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ò tíì ṣe tán, títí kan ti New York àti Los Angeles, nọ́ńbà tiwọn ò sí níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Ìlú ńlá méjì ò sí níbẹ̀, èmi wá jókòó mò ń ṣàlàyé ìdí tí nọ́ńbà fi yí padà!

Àtìgbà yẹn, dráàfù tí mo bá fi ránṣẹ́, mo máa ń bi ara mi kí wọ́n tó bi mí. Mo wá dé orí NCVS, ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́dọ̀ aráàlú lórí ìwà ọ̀daràn tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, ìyẹn ò bá ọlọ́pàá ṣe nǹkan kan rárá, láti 1973 ni wọ́n ti ń lọ bá àwọn èèyàn nínú ilé wọn, nǹkan bí 240,000 èèyàn lọ́dún, ọmọ ọdún 12 sókè, wọ́n á ní kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín, ṣé ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ á rí i pé ọ̀pọ̀ nǹkan ló ṣẹlẹ̀ tí ọlọ́pàá ò gbọ́ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó, mo kọ̀wé sí ìyá pé mo ti rí nọ́ńbà tòótọ́. Wọ́n tún bi mí léèrè kan náà. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, NCVS ò lè ka ìpànìyàn, òkú ò kúkú lè dáhùn ìbéèrè, ẹni tí ò nílé tó ń sùn síta ò sí níbẹ̀, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n náà ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí ojú ẹ̀ ò tó, iṣẹ́ ẹni tó ń kọ̀wé ni kó sọ ọ́ fún òǹkàwé kí òǹkàwé tó fúnra ẹ̀ rí i.

Èyí tó tún ká mi lára ni ti ìfipábánilòpọ̀. Láti 1927 ni ìtumọ̀ tí FBI ń lò ti wà nílẹ̀, obìnrin nìkan ni wọ́n kà sí ẹni tó lè ṣẹlẹ̀ sí, àfi tí wọ́n bá sì fi agbára mú un. 2012 ni wọ́n kéde pé wọ́n máa yí i, 2013 ni ìtumọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú kíkà. Ẹni tí ò bá mọ èyí á wo àwòrán nọ́ńbà yẹn, á rí i pé ó fò sókè, á sì fariwo ta. Mo mọ̀ ọ́n, torí èmi náà ti fẹ́ ta tèmi.

Ẹ jẹ́ n sọ ti èdè náà, torí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí Yorùbá ń sọ̀rọ̀ nínú orí wa tá a wá ń kọ gẹ̀ẹ́sì sórí ìwé. Lọ́dọ̀ tiwa ẹ̀wọ̀n ni ẹ̀wọ̀n ń jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, jail yàtọ̀, prison yàtọ̀: ti àkọ́kọ́ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹni tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ ẹ̀ máa ń wà, àti ẹni tí ẹ̀wọ̀n ẹ̀ kì í sábà kọjá ọdún kan, ti èkejì jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tí ọdún ẹ̀ gùn. Mo ti da méjèèjì pọ̀ nínú páráàgíráàfù kan ṣoṣo nígbà mẹ́rin, wọ́n kà á fún mi. Probation àti parole náà ńkọ́, mo rò pé orúkọ méjì fún nǹkan kan ni, àṣé probation ni pé kóòtù ní kó o máa ṣe ìjìyà ẹ níta dípò ẹ̀wọ̀n, parole ni pé o ti wà lẹ́wọ̀n, wọ́n wá jẹ́ kó o jáde kí ọjọ́ tó pé, ojú wọn ṣì wà lára ẹ. Afurasí kì í ṣe ọ̀daràn. Olùjẹ́jọ́ kì í ṣe ọ̀daràn. Ibi tí wọ́n ti dá a lẹ́bi lo ti lè pè é bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, o ti bà á lórúkọ jẹ́ nìyẹn.

"Wọ́n ní" wá ni olórí àìsàn mi. Ẹ mọ̀ ọ́n, wọ́n ní, wọ́n sọ pé, wọ́n mú un, wọ́n lù ú. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu kò sí wàhálà. Ìyá bi mí pé "wọ́n wo?" ní ibi mọ́kànlá nínú ojú ewé mẹ́ta, mo wá rí i pé ibi méjì péré ni mo ti mọ ẹni tí mò ń pè ní wọ́n. Mo pa ìyókù rẹ́.

Ti ìwádìí àwọn ẹlòmíì náà, bí wọ́n ṣe ń kà á kí n tó lò ó. Wọ́n fún mi ní ti ọlọ́pàá Kansas City ní Amẹ́ríkà, 1972 sí 1973, wọ́n mú àdúgbò 15, wọ́n pín in ní márùn-ún márùn-ún. Apá kan, ọkọ̀ ọlọ́pàá ò ní yí ká àfi tí wọ́n bá pè é, apá kan wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, apá kẹta wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí ọdún yípo, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn, ẹ̀rù tó ń ba aráàlú pàápàá ò yàtọ̀. Mo yáa kọ ọ́ pé ìwádìí fi hàn pé ọlọ́pàá ò wúlò. Ìyá ò fi èyí ṣe ẹ̀rín o, wọ́n ní mọ́tò tó ń yí ká ni wọ́n dán wò, wọn ò kó ọlọ́pàá kúrò nílùú, ẹni tó bá pè wọ́n ṣì ń rí wọn. Mo kọ gbólóhùn yẹn ní ìgbà mẹ́ta kó tó mọ síbi tó yẹ kó mọ.

Ti Minneapolis náà wà ńbẹ̀, 1981 sí 1982, lórí ọkọ tàbí ìyàwó tó ń lu ẹnìkejì. Ẹjọ́ 314 ni wọ́n yẹ̀ wò, kèké ló ń sọ ohun tí ọlọ́pàá máa ṣe, bóyá kó fi òfin mú un, tàbí kó gbà wọ́n níyànjú, tàbí kó ní kí ẹnì kan kúrò nílé fún wákàtí mẹ́jọ. Èsì jáde ní 1984 pé àwọn tí wọ́n mú ni ò sábà tún un ṣe. Mo gbé e, mo kọ ọ́, mo ti parí. Ìyá ní, "Lẹ́yìn 1984 ńkọ́?" Ó dáa, mo lọ sórí Google Scholar, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "Cited by" sí lábẹ́ ẹ̀, ibi tí mi ò tẹ̀ rí láyé mi, àwọn tó lo ìwádìí náà lẹ́yìn ẹ̀ sì tú jáde rẹpẹtẹ. Wọ́n ti tún un ṣe ní ìlú márùn-ún míì, èsì wọn ò sì bára mu, láwọn ibì kan mímú náà ṣiṣẹ́, níbòmíì ṣe ló tún dá kún ìjà fún àwọn afurasí tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ká ní mo dúró sí 1984 ni, irọ́ tó ní rẹ́fáráǹsì ni mi ò bá kọ.

Ibi yẹn náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ohun táwọn ẹlòmíì ti sọ. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń tò wọ́n ni, lágbájá sọ báyìí, tàmẹ̀dò sọ báyìí, ó tán. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jiyàn, kí èmi wá sọ ibi tí mo dúró àti ìdí ẹ̀.

Rẹ́fáráǹsì, mi ò ní fi gùn yín lórí. Zotero ni wọ́n ní ká lò, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2006, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lórí ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kà ó máa gbé orúkọ, ọdún àti gbogbo ẹ̀ wọlé, ó sì máa tò ó ní ìlànà rẹ́fáráǹsì tí wọ́n ń pè ní APA. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fojú yẹ̀ ẹ́ wò, torí tí ibi tẹ́ ẹ ti mú un bá kọ orúkọ ní lẹ́tà ńlá gbogbo, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wọlé.

Ọ̀rọ̀ AI, wọn ò fòfin dè é, àmọ́ wọ́n ní ìwé tẹ́ ẹ ò bá tíì fi ọwọ́ ara yín ṣí, ẹ má kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2023 ní New York, àwọn lọ́yà kan kó ẹjọ́ tí AI dá sílẹ̀ lọ sí kóòtù, ẹjọ́ tí ò sí níbì kankan láyé, adájọ́ ní kí wọ́n san owó ìtanràn 5,000 dọ́là. Lọ́yà nìyẹn o, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ẹjọ́ kíkà. Ọmọ kíláàsì wa kan náà ṣe irú ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èmi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀sùn mi wá dà? Àkọ́kọ́, àwọn fídíò yẹn, mo ti sọ. Èkejì, ó wà nínú ìlérí wọn pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni èsì á máa wọlé, èmi dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìgbà tí mo kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó o, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn, ó ń fi líǹkì kan náà ránṣẹ́ sí mi léraléra. Mi ò dá ìyá lẹ́bi, mo gbọ́ pé àwa 40 ni wọ́n kó sí wọn lọ́rùn. Ẹ̀kẹta, wọn ò sọ nǹkan kan rárá lórí bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ fún ìwádìí, pàápàá ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, tí ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ò fẹ́ kópa. Nínú iṣẹ́ tiwa, èyí ò ṣeé fò. Èmi fúnra mi ni mo lọ wá Belmont Report ti 1979 kà, ìwé ìlànà Amẹ́ríkà lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe sí èèyàn tí wọ́n ń lò fún ìwádìí, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́.

Tó o bá jẹ́ ẹni tí gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀ ṣì ń yọ lẹ́nu, kọ́ọ̀sì yìí ò ní ràn ẹ́ lọ́wọ́, wọn ò kọ́ gírámà. Tó bá jẹ́ fídíò lo fẹ́ràn, dá owó ẹ dúró. Àmọ́ tó o bá dà bí èmi, tí ọ̀rọ̀ máa ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀ láìní ìdí, tó o sì lè gbà kí ẹnì kan pọ́n ẹ lójú, wò ó. Kó o tó sanwó, bi wọ́n léèrè ẹni tó máa ka dráàfù ẹ, bóyá èèyàn ni tàbí ẹ̀rọ, àti èèyàn mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹni náà.

Ìràwọ̀ mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Ká ní ó ṣeé ṣe kí n fún ìyá ní tiwọn lọ́tọ̀ ni, mi ò bá ti fún wọn ní márùn-ún pé. Nínú fáìlì ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, wọ́n yìn mí fún ojú ewé méjì, lẹ́yìn náà wọ́n wúkọ́, wọ́n ní, "Nọ́ńbà tó wà ní ojú ewé kẹta..." Mo ti mọ ìyókù, mo ti ń ṣí láptọ́ọ̀pù.