Akira: kọ́míìkì tó gbé mi láti Ọ̀fà lọ sí Tánkè lọ jà

Sátidé ni mo fi ìwé yìí há abíyá, mo wọ mọ́tò láti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, ìjà ni mo ń bá lọ. ₦18,000 ni mo ra apá kìíní nìkan, wọ́n ní tuntun ni, mo délé mo ṣí i báyìí, ìparí ìtàn ni mo kọ́kọ́ rí. Mo ní wọ́n ti ta gbàrọgùdù fún mi, wọ́n ti fi ẹ̀yìn ìwé ṣe iwájú.

Ọmọbìnrin kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ní Tánkè níbẹ̀, ó ń jẹ wàrà lọ́wọ́. Mo gbé ìwé lé káńtà gbàà, mo ní àbúrò, ẹ dá owó mi padà. Kò dá mi lóhùn, ó ń nu ọwọ́ ẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú sí i. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sà, ṣé ẹ lọ ilé kéwú?" Mo ní kí lèyí kan kéwú? Ó ní, "Bí ẹ ṣe ń ṣí Kùránì, ẹ ṣí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún ni kọ́míìkì àwọn ará Jàpáànù náà ti ń bẹ̀rẹ̀." Ó yí ìwé náà padà, ó ń fi ìka tọ àwòrán kan dé èkejì, láti ọ̀tún sí òsì, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi bí ojú ewé mẹ́fà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kéwú lọ́dọ̀ Alfa o, kíá ni ojú mi ti mọ̀ ọ́n. Orí bẹ́ǹṣì wọn ni mo jókòó sí tí mo ń kà á, mi ò dìde títí wọ́n fi pe ìrun Àlàásárì.

Katsuhiro Otomo ló yà á, láti 1982 dé 1990, apá 6 ni gbogbo ẹ̀. Ìlú Neo-Tokyo ni, ìlú tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn tí Tokyo àtijọ́ pa rẹ́, ṣọ́jà kún ibẹ̀, àwọn ọ̀dọ́langba ń gun alùpùpù sáré kiri lóru. Tetsuo wà nínú wọn, ó pàdé ọmọdé kan tó ní ojú arúgbó lójú títì, alùpùpù ẹ̀ dànù, ṣọ́jà gbé e lọ, nígbà tó fi máa jáde agbára ti wọ orí ẹ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan tó fi ń fọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó tún lè bá a wí mọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé Kaneda ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa ń gbèjà ẹ̀ láti kékeré, ẹ wò ó, ìgbèjà yẹn gan-an ló ń bí i nínú! Mo ní àbúrò kan tó rí báyìí, tí mo bá dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó lè má kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ro ti ọmọ yẹn gan-an bí mo ṣe ń kà á.

Mo tún padà lọ ra apá kejì àti ìkẹta. Nígbà tí mo ka ìkẹta dé ìparí, ewé 7 ni wọ́n ti fà ya níbẹ̀. Àlòkù ni wọ́n tà fún mi ní owó tuntun! Mo pè wọ́n, ọkùnrin kan gbé e, ó ní ọjà tá a bá ti tà a kì í gbà á padà, pé ó yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó lọ. Ṣé èmi ló yẹ kó jókòó máa ka ewé ìwé tí ẹ pè ní tuntun? Kò tiẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ti fẹ́ gé fóònù nígbà tí ọmọbìnrin ọjọ́sí gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kí n fún òun dalẹ́.

Alẹ́ yẹn ló fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé 14 tó wà lára ewé 7 yẹn láti inú tiẹ̀, ó fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ìtòtẹ̀léra, kò gba kọ́bọ̀. Iná ò sí, inú òkùnkùn ni mo ti ń wò ó. Ìlú ńlá ń wó, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ kan, ilé alájà gogoro ń fọ́ bí èèpo ẹyin, ojú ewé kan lẹ́yìn èkejì, dúdú àti funfun nìkan, ọwọ́ ni wọ́n fi ya gbogbo ẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi.

2 nínú 5 ni mo fún un, nítorí ewé 7 yẹn. Mo ti sanwó apá kẹrin, ọ̀dọ̀ wọn náà ni, mo ní kí ọmọbìnrin yẹn ka ewé ẹ̀ kó tó dì í fún mi.