HMO, ìlà fóònù òkè òkun, tàbí olùdámọ̀ràn ìtòsí: èwo ni kí ẹ rà fún ìlera ọpọlọ òṣìṣẹ́ yín?

Ọdún kẹsàn-án mi rèé tí mo ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ tó ń ṣe ike àti ọ̀rá. Òṣìṣẹ́ 140 la ní. Ọ̀nà mẹ́ta la ti yẹ̀ wò kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú lè rẹ́ni bá sọ̀rọ̀: a lo ọ̀kan, ó dùn wá; a dán ọ̀kan wò; ẹ̀kẹta la wà lórí rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tí ọ̀gá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ lọ wá irú ètò bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ èyí sí.

Mi ò ní tún ohun tó wà nínú ìwé àwọn tó ń tà á sọ. Gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn ń gbé ìpè tọ̀sán-tòru, pé òṣìṣẹ́ lè rí olùdámọ̀ràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹfà láìsanwó, pé ìyàwó, ọkọ àtọmọ wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ kọ́ ni ìyàtọ̀ wà.

Èkíní ni èyí tí HMO, ìyẹn ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera, máa ń so mọ́ ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Èkejì ni ìlà fóònù àti áàpù tí ilé iṣẹ́ ńlá láti òkè òkun ń tà, tí wọ́n ní aṣojú l'Ékòó. Ẹ̀kẹta ni àwọn olùdámọ̀ràn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n jọ gba yàrá sí àdúgbò, tí wọ́n ń bá ilé iṣẹ́ kéékèèké dá àdéhùn.

Ti owó: HMO ló dínwó jù. Ìlà òkè òkun ló wọ́n jù, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ti ìtòsí wà láàárín.

Ti èdè: alẹ́ Sátidé kan ni mo pe ìlà òkè òkun náà fúnra mi, mo ṣe bí òṣìṣẹ́. Obìnrin tó gbé e níwà pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo ní Yorùbá ni mo fẹ́ sọ, ó ní àwọn á wá ẹni tó gbọ́ ọ, àwọn á pè mí padà lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ wo ẹni tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ láago méjì òru, tí kò rí oorun sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ṣé ó máa dúró de Túsìdeè? Èdè nìkan náà kọ́. Àwọn èèyàn wa kì í sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń bá àwọn jà. Wọ́n á ní, "Orí mi ń gbóná, nǹkan ń rìn lára mi." Ẹni tí kò bá ti gbọ́ ọ rí á ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Ẹni tó ti bá Yorùbá ṣiṣẹ́ á fa àga súnmọ́ wọn, á bi wọ́n bí ilé ṣe rí.

Ti ọ̀nà: HMO lè darí èèyàn sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá. Wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ níbẹ̀ láti ọdún 1907, iṣẹ́ gidi sì ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n "Yaba Left" tí wọ́n fi ń bú ara wọn nígboro kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wa kankan gbà láti lọ.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló kù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Nígbà tí àdéhùn wa pẹ̀lú HMO tó àkókò àtúnṣe, aṣojú wọn mú ìwé kan wá láti fi hàn wá ìdí tí owó fi máa lé. Gbogbo ohun tí wọ́n náwó lé lórí wà níbẹ̀, ìlà kan fún ìtọ́jú kan. Ó ní kí a fọkàn balẹ̀, àwọn ti yọ orúkọ kúrò. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì ni mo ti rí i: "Ẹ̀ka ìṣirò owó. Obìnrin. Ọdún 45 sí 49. Olùdámọ̀ràn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún." Obìnrin méjì péré ló wà ní ẹ̀ka náà, ọmọ ọdún 26 sì ni èkejì. Ọ̀gá wa gbé ìka lé ìlà yẹn, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ìyá yìí náà?"

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ séèfù lọ́wọ́ obìnrin náà, wọ́n ní kó lè rí ìsinmi. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, kò jókòó. Ó ní, "Madam, ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ. Ẹ ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Lóòótọ́ ni, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Títí àdéhùn yẹn fi parí, ẹnikẹ́ni ò lọ mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí dátà ẹlẹgẹ́, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn tó yẹ kí a ṣọ́ gidigidi, kò sì dìgbà tí orúkọ bá wà níbẹ̀: bí a bá ti lè tipa ohun tí ẹ kọ mọ ẹni náà, dátà rẹ̀ ni. Ẹ̀rù mìíràn tún wà. Abala 327 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti para rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Òfin Èkó yàtọ̀, ilé ìwòsàn ló ní kí ilé ẹjọ́ darí ẹni náà sí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ni òṣìṣẹ́ mọ̀. Bí kò bá dá a lójú pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní jáde, ohun tó yẹ kó sọ gan-an ni yóò fi pa mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bi gbogbo wọn kọ́ ni "Ṣé ẹ ń pa àṣírí mọ́?" Wọn ò ní sọ pé rárá. Ẹ ní kí wọ́n fi irú ìròyìn tí wọ́n ń fún oníbàárà hàn yín. Ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ka kan kí wọ́n tó dárúkọ ẹ̀ka náà. Bí ọ̀gá bá fúnra rẹ̀ rán òṣìṣẹ́ lọ, kí ni wọ́n máa sọ fún ọ̀gá? Ó wá tàbí kò wá, ibẹ̀ ló yẹ kó mọ. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ta ni wọ́n máa pè? Ẹni tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, kì í ṣe ọ́fíìsì. Kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń gbowó. Bó bá jẹ́ iye ìgbà tí èèyàn lọ ni ẹ ń san, ìwé owó oṣooṣù á di olófòófó. Iye kan lórí gbogbo òṣìṣẹ́, bóyá wọ́n lọ tàbí wọn ò lọ, ló ń bo ẹni tó lọ.

HMO ní orí kọ̀ǹpútà ni ìwé àwọn ti ń jáde, àwọn ò lè yí i padà. Ìlà òkè òkun dáhùn dáadáa, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: wọn kì í dárúkọ ẹ̀ka tí èèyàn inú rẹ̀ kò bá pé mẹ́wàá. Àwọn ti ìtòsí ò ní ìlànà kankan tẹ́lẹ̀. A jọ jókòó kọ ọ́ ni: iye èèyàn àti iye wákàtí nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àdúgbò kan náà ni gbogbo wa ń gbé, olùdámọ̀ràn lè bá òṣìṣẹ́ pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ yan ẹni tó fẹ́ nínú àwọn. Àtẹ̀gùn wọn sì ni télọ̀ kan àti oníṣègùn ojú jọ ń lò, ẹni tó rí ọ tó ń gòkè ò lè sọ ibi tí o ń lọ.

Bí òṣìṣẹ́ yín bá pọ̀, tí wọ́n wà l'Ékòó, ní Accra àti Nairobi, ìlà òkè òkun lè bá yín mu. Ẹ má ṣe já HMO sílẹ̀ o, torí olùdámọ̀ràn kì í kọ oògùn, ẹni tó nílò dókítà yóò ṣì lò ó. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó bá rí bíi tiwa, tí gbogbo èèyàn ti mọra, àwọn ìtòsí ni mo fọwọ́ sí. Ọdún kẹta wa rèé pẹ̀lú wọn, àwọn atúnẹ̀rọṣe tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń bi mí ní nọ́ńbà wọn.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni, ẹ mú ẹ̀ka yín tó kéré jù, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹnìkan níbẹ̀ lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìlà tó máa jáde nínú ìròyìn wọn síwájú yín. Bí ẹ bá ti mọ ẹni náà kí ẹ tó kà á tán, ẹ dá ìwé wọn padà fún wọn.