Àyẹ̀wò ESR fún àgbàlagbà tí èjìká rẹ̀ méjèèjì gan: ó wúlò, àmọ́ òun nìkan kò tó

ESR, àyẹ̀wò tó ń wo bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń yára wálẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá ara ń wú nínú, wà lára àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò wọ́n, ọ̀pọ̀ láàbù ló sì ń ṣe é. Wọ́n á po ìdá mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìdá kan omi citrate, wọ́n á fà á sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Westergren, wọ́n á sì gbé e nàró fún wákàtí kan. Iye mìlímítà tí sẹ́ẹ̀lì pupa bá fi wálẹ̀ ni èsì.

Ẹni tó yẹ kó ṣe é nítorí polymyalgia rheumatica, àrùn tó ń mú kí èjìká àti ìbàdí àgbàlagbà máa dùn, kó sì máa gan, ni ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, pàápàá tó bá ti tó 70, tí èjìká méjèèjì dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọrùn tàbí ìbàdí sì dá sí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara á gan, ó máa ń ju ìṣẹ́jú 45 lọ kó tó dẹ̀. Ìyá ò ní lè gbé apá wé gèlè. Bàbá ò ní lè yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Apá ò rọ o, ìrora ni kì í jẹ́ kó gbé e. Obìnrin ló ń ṣe jù, ó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ti ọkùnrin. Àwọn ará àríwá Yúróòpù ló sì wọ́pọ̀ sí jù. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú.

Ìdí nìyẹn tí èsì tó ga kò fi yẹ kó kan mú wa pariwo orúkọ àrùn yìí. Ikọ́ ife, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àrùn kíndìnrín ń gbé ESR ga. Bẹ́ẹ̀ náà ni myeloma, jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun, tó ń ṣe èèyàn dúdú ju òyìnbó lọ. Ọjọ́ orí pàápàá ń gbé e ga: fún ọkùnrin, ẹ pín ọjọ́ orí sí méjì, fún obìnrin, ẹ fi 10 kún un kí ẹ tó pín in. Ìyá ẹni 70 ọdún, 40 ni ààlà tirẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà lè ba èsì jẹ́. Bí ọ̀pá bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, èsì á ga. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́ nílẹ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ, á wálẹ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ SS ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì tó ti ká kò lè tò léra wọn dáadáa, nítorí náà èsì rẹ̀ lè kéré tan ni jẹ.

Máàkì wa: 3 nínú 5. Bí wọ́n bá ṣe CRP, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ míì tó ń fi hàn bí ara bá ń wú nínú, mọ́ ọn, ó di 4, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ kì í da CRP rú. Ẹ má lo prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kí ẹ tó lọ fa ẹ̀jẹ̀. Ó ń bo èsì mọ́lẹ̀.

Àmọ́ bí ẹ̀bátí bá ń fọ́ ẹni náà, tí àgbọ̀n ń dùn ún bó bá ń jẹun, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ má dúró de láàbù kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ orí lè ti wú, ojú tó bá sì ti ibẹ̀ fọ́ kì í sábà là mọ́.