Régúlétọ̀ tó ń tẹ̀lé mánífóòdù àti èyí tó dúró lójú kan

Régúlétọ̀ ni ẹ̀yà ọkọ̀ tó ń ṣàkóso ìfúnpá epo. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìfúnpá epo àti ìfúnpá inú mánífóòdù (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) ló ń ti epo jáde lẹ́nu ínjẹ́kítọ̀, ẹ̀yà tó ń fọ́n epo. Bí ìyàtọ̀ yìí bá di ìlọ́po mẹ́rin, epo tó ń jáde yóò di ìlọ́po méjì péré. Régúlétọ̀ tí rọ́bà kékeré so mọ́ mánífóòdù kì í jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà kúrò ní bar 3 (bar ni ìwọ̀n ìfúnpá). Ní ti èyí tó dúró lójú kan, tó ń fi bar 3 gbé ìfúnpá epo ga ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ, bí mánífóòdù bá fi bar 0.65 rẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ìta nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́, epo yóò fi nǹkan bí ìdá 1 nínú 10 pọ̀ sí i, àfi bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá dín àkókò tí ínjẹ́kítọ̀ fi ń ṣí kù. Ìyẹn kò le fún kọ̀ǹpútà òde òní. Ṣùgbọ́n bí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ ẹ́ńjìnnì, bá fi bar 1 kún ìfúnpá mánífóòdù, bar 2 péré ló kù fún èyí tó dúró lójú kan láti ti epo, ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ti àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ tó ní tọ́bò.