Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ ra ọkọ̀ ìgbòkun: “oníkùn méjì kì í dojú dé”, irọ́ ni

Òkun o, ará ilé àti ará ẹ̀yìn odi. Gbájúẹ̀ kan ń kiri lórí WhatsApp láàárín àwọn tó fẹ́ fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣòwò ìgbafẹ́ ní Lọ́kọjà, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ oníkùn méjì, tí wọ́n ń pè ní katamaran, ló ń tà. Ikùn ni ara ọkọ̀ tó ń léfòó lójú omi; ti katamaran jẹ́ méjì tí pẹpẹ kan so pọ̀ láàárín. Ọ̀rọ̀ tó fi ń mú èèyàn ni pé oníkùn kan lè dojú dé, ṣùgbọ́n oníkùn méjì kì í dojú dé láé. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ kò ní béèrè ohun tó yẹ kó béèrè mọ́.

Oníkùn kan ní kíìlì nísàlẹ̀, òjé tàbí irin, tó sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ọkọ̀. Bí atẹ́gùn bá tì í, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, atẹ́gùn á yọ́ kúrò lára ìgbòkun, kíìlì á sì fà á dìde. Oníkùn méjì kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dúró. Òótọ́ ni pé kì í tètè tẹ̀, ohun tó sì léwu níbẹ̀ gan-an nìyẹn, torí kì í kìlọ̀ fún ẹni tó ń tọ́ ọ. Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá ká a mọ́ pẹ̀lú ìgbòkun tó ta tán, ikùn kan lè gbéra kúrò lómi. Tó bá dojú dé, bó ṣe máa wà nìyẹn. Ìyára atẹ́gùn la fi ń mọ ìgbà tó yẹ ká ká ìgbòkun rẹ̀ kù, àwọn tó kọ́ ọkọ̀ sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé yẹn.

Irọ́ kejì ni “a ó gbé e dé Lọ́kọjà fún yín lódindi.” Katamaran mítà 12 fẹ̀ tó mítà 6 sí 7. Títì oníbejì wa kò ju mítà 7 àti díẹ̀ lọ. Ẹ rántí bí trélà ṣe ń fún ara wọn lọ́nà Kàbà sí Obájánà kí ẹ tó dá a lóhùn. Tó bá gba orí ilẹ̀ dé, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi ayùn gé e nìyẹn, wọ́n á wá fi fáíbà lẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi ọ̀dà bò ó. Tó bá gba omi, ẹ béèrè bóyá òpó ìgbòkun á gba abẹ́ afárá Oníṣà àti ti Itobe. Ti ọ̀gbẹlẹ̀ ńkọ́? Oníkùn kan tí kíìlì rẹ̀ wọ omi mítà 1.8 á há sórí yanrìn. Oníkùn méjì tó wọ omi bíi mítà 1 sàn jù níbi èyí. A ò ní tìtorí gbájúẹ̀ purọ́ mọ́ ọkọ̀.

Ẹrù ni kò fẹ́. Ikùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bí èrò bá pọ̀ á rì wálẹ̀, omi á sì máa gbá abẹ́ pẹpẹ gbì-gbì. Àwo tí ẹni tó kọ́ ọ lẹ̀ mọ́ ọn ló ń sọ iye èèyàn àti kílò. Kì í ṣe ẹnu ajẹ́ńtì. Àwọn kan tilẹ̀ so ọkọ̀ fáíbà méjì pọ̀ pẹ̀lú irin áńgù àti pákó, wọ́n ń pè é ní katamaran. Ìgbì á máa gbé ikùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bóòtù á máa jẹ ihò rẹ̀ tóbi títí irin á fi já.

Ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò lómi kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn sìkírúdíráfà oníke gbá gbogbo ara rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá dún ko-ko-ko, ó le. Tó bá dún bùù bí igbá tó ti là, fáíbà ti ya kúrò lára fóòmù tàbí igi fífúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní balsa nínú rẹ̀, omi sì ti lè wọ̀ ọ́, pàápàá nídìí irin tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ pẹpẹ. Ẹ wo ibi tí ikùn ti pàdé pẹpẹ àárín. Ọ̀dà tuntun lójú kan ṣoṣo, tàbí ìlà tó fọ́n ká bí òwú aláǹtakùn, ẹ fura. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn inú, kí ẹ pa wọ́n padà. Èyí tí kò pa mọ́ra lè jẹ́ pé ara ọkọ̀ ti yí. Lára oníkùn kan, omi ìpẹtà tó ń ṣàn níbi tí kíìlì ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ wá. Wáyà tó di òpó mú, tó bá ti lo ọdún 10 sí 15, ẹ yọ owó àtipààrọ̀ rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ́ńjìnnì méjì ló sì sábà máa ń wà lára katamaran ńlá, ìnáwó rẹ̀ náà di méjì.

Nọ́ńbà tí ẹni tó kọ́ ọkọ̀ kọ sí i lára wà lẹ́yìn, lápá ọ̀tún lókè. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà tó jẹ́ 12 lápapọ̀. Lára èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn oṣù kẹjọ 1984, mẹ́rin tó kẹ́yìn ló ń sọ ọjọ́ orí: C505 jẹ́ oṣù kẹta 2005, ọkọ̀ tí wọ́n kà sí ti ọdún 2005. Tí wọ́n bá pè é ní 2014 fún yín, ẹ ti mọ̀. Nọ́ńbà kejì máa ń fara pamọ́ nínú ọkọ̀. Tí méjèèjì kò bá bára mu, ó lè jẹ́ ẹrù olè.

Ẹ má fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́ nítorí fídíò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kọ ọjọ́ òní sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, kó sì ya fídíò láìdáwọ́ dúró títí dé orí òpó. Olú ilé iṣẹ́ NIWA, àjọ tó ń rí sí ọ̀nà omi abẹ́lé, kò jìnnà, Lọ́kọjà náà ló wà. Ẹ kó nọ́ńbà àti ìwé ẹni tó ni ọkọ̀ lọ síbẹ̀, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí owó tó kúrò ní báńkì.