Àyẹ̀wò Rédíò Átọ́ọ̀mù: Ìgò Dígí Tí Ó Ń Gba Àwòrán

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ físíìsì ní NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, gba àwòrán kámẹ́rà àti géèmù orí fídíò láti inú afẹ́fẹ́ láìlo eríálì onírin níbi tí wọ́n ti ń gbà á. Ìgò dígí kékeré kan, tí àwọn átọ́ọ̀mù rubidium (èròjà kan tí ó ti di bí afẹ́fẹ́ nínú ìgò náà) ń fò kiri nínú rẹ̀, ni wọ́n fi rọ́pò irin. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni mo fi ń jẹun, n kò sì tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí. Ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí n lè mọ̀ bóyá rédíò ni lóòótọ́ tàbí òṣùwọ̀n tí a wọ aṣọ rédíò fún.

Léésà méjì ni wọ́n ń tàn gba inú ìgò náà kọjá. Èkíní, tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 780 nànómítà (nànómítà jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), ni wọ́n ń fi wo àwọn átọ́ọ̀mù náà. Èkejì, aláwọ̀ búlúù, tí tirẹ̀ tó nǹkan bí 480 nànómítà, ni ó ń bá a gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà ní ẹ̀yìn pátápátá jìnnà sí àárín átọ́ọ̀mù, débi pé átọ́ọ̀mù náà á wú, ìgbì rédíò tí kò lágbára á sì lè mì ín. Irú átọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ Johannes Rydberg, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Sweden, pè. Bí léésà méjèèjì bá bára mu, rubidium tí ó yẹ kí ó gbé ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ mì á jẹ́ kí ó kọjá. Bí ìgbì rédíò bá wá dé, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń kọjá á yí padà, ìyípadà yẹn ni wọ́n sì ń sọ di àwòrán.

Níbi wíwọn ìgbì ni ẹ̀rọ yìí ti gba oríyìn lọ́wọ́ mi. Láyé àtijọ́, eríálì ni a fi ń wọn agbára ìgbì, ìgbì tí a ti mọ agbára rẹ̀ ni a sì fi ń yẹ eríálì wò, tí ọ̀rọ̀ á kàn máa yí po. Nínú ìgò yìí, ìgbì tí ó lágbára tó máa ń pín àmì kan tí a ń rí nínú ìmọ́lẹ̀ léésà náà sí méjì, àlàfo àárín méjèèjì sì ń sọ agbára ìgbì náà fúnni, nítorí pé ìwà átọ́ọ̀mù rubidium kò yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ní ti àwòrán, 480i ni, ìyẹn àwòrán onílà 480, irú èyí tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ń gbé jáde, èyí tí àwa tí a ti gun òrùlé lọ yí eríálì rí kò ní fojú tín-ín-rín. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe rí àwọ̀ gbà. Átọ́ọ̀mù tí ó bá pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ léésà kì í tètè dáhùn sí àmì tuntun, nítorí náà ni wọ́n fi dín ìbú ìmọ́lẹ̀ náà kù títí kò fi tó 100 máíkírómítà, kí átọ́ọ̀mù tuntun lè máa wọlé kíákíá, tí èyí tó ti pẹ́ á sì máa jáde. Ọgbọ́n yìí dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ kò kéré. Kò lè fọ́n ìgbì jáde. Eríálì onírin, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti fèrè, ni wọ́n fi fọ́n àwòrán yẹn jáde lórí nǹkan bí 17 gigahertz. Ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò lórí ìgbì kan bọ́ sí òmíràn tí ó jìnnà sí i ní láti tún léésà búlúù yí, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ léésà kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ rárá, èyí tí ó mú kí tábìlì kún fún dígí àti irinṣẹ́ nítorí ìgò tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù BT ní Britain náà dán irú rẹ̀ wò ní ọdún 2022 kan náà, lórí 3.6 gigahertz tí fóònù 5G ń lò, ṣùgbọ́n ìdánwò ni tiwọn náà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ìgbì ni mo lè gbà níyànjú pé kí ó máa tọ́jú owó sílẹ̀ dè é. Ẹni tí ìròyìn aago méje nìkan ń wù ú gbọ́, kí ó ṣì fa eríálì rédíò rẹ̀ jáde.